Ìfanimọ́ra Fíìmù Àwòrán-Abẹ̀mí fún Tọmọdé Tàgbà: Kirikou àti Orúkọ Tó Yẹ Karaba

1. Ìfáárà

Bí wọ́n bá dárúkọ kàtúùnù láwùjọ Yorùbá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ àgbà ni eré tí wọ́n fi ń dá ọmọdé lẹ́kun. Àgbà á tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún ọmọ, á sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé, bí àgbà bá ṣèèṣì jókòó ti ọmọ rẹ̀, kì í lè dìde mọ́ títí eré yóò fi parí. Àpilẹ̀kọ yìí wá ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ó sì dábàá àwọn èdè-ìperí tí Yorùbá nílò kí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ tó lè já gaara.

Fíìmù tí àlàyé náà dá lé ni Kirikou et la Sorcière, tí Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1998. Ìlú Conakry, ní orílẹ̀-èdè Guinea, ni Ocelot ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀, inú ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó sì ti mú ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Youssou N'Dour, olórin ọmọ Senegal, ni ó ṣe orin rẹ̀. Ní 1999, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù àwòrán-abẹ̀mí tí ó máa ń wáyé ní ìlú Annecy. Ní ilẹ̀ Faransé nìkan, òǹwòran tó sanwó wò ó ní ilé sinimá ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọmọdé nìkan kọ́ ni gbogbo wọn.

Àbá tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ìtàn méjì ni fíìmù náà pa pọ̀, ọ̀kan fún ọmọdé, èkejì fún àgbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi tọmọdé tàgbà, oníkálukú sì ń gbọ́ ọ débi tí òye rẹ̀ dé. Bí ògbufọ̀ bá wá ṣi ọ̀rọ̀ kan péré lò nígbà tí ó bá ń gbé fíìmù náà wá sí Yorùbá, ìbéèrè náà lè kú, ìfanimọ́ra fíìmù náà á sì bá a lọ.

2. Àwọn èdè-ìperí ìpìlẹ̀

2.1 Fíìmù àwòrán-abẹ̀mí

Kàtúùnù ni orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe irú fíìmù yìí, kò sì sí ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n kàtúùnù náà ni wọ́n tún ń pe àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, tí kì í mira rárá. Èdè-ìperí tó bá ń tọ́ka sí ohun méjì pọ̀ kì í jẹ́ kí ìjíròrò já gaara. Nítorí náà, kí kàtúùnù máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kí fíìmù àwòrán-abẹ̀mí sì jẹ́ èdè-ìperí. Abẹ̀mí ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn nínú ẹ̀dá abẹ̀mí. Àwòrán tí ayàwòrán fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ní ẹ̀mí ni àwòrán-abẹ̀mí.

Ìtànjẹ ojú ni ẹ̀mí tí ibí yìí ń wí. Ẹyọ àwòrán 24 ni ẹ̀rọ sinimá ń gbé kọjá lójú òǹwòran láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọpọlọ á sì so wọ́n pọ̀ di ìrìn, ijó tàbí eré sísá. Ayàwòrán mìíràn a máa ya 12 péré fún ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì.

2.2 Ìtàn-àràmàǹdà

Ìtàn-àràmàǹdà ni ìtàn àròsọ tí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lójú ayé ti ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn náà sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nínú àlọ́ àpagbè, ìjàpá a máa sọ̀rọ̀, igi a sì máa kọrin. Bákan náà ni tọmọdé tàgbà jọ ń ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938.

Ìdí pàtàkì wà tí ìtàn-àràmàǹdà fi bá àwòrán-abẹ̀mí mu. Nínú fíìmù tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ti ṣeré, ọmọ ọjọ́ kan tó ń sáré yóò dà bí ẹ̀tàn, nítorí pé ojú òǹwòran á máa fi í wé ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ènìyàn gidi. Nínú àwòrán-abẹ̀mí, ìlà àti ọ̀dà ni ìyá, ìlà àti ọ̀dà ni ọmọ, ìlà àti ọ̀dà náà ni igi ẹ̀yìnkùlé. Ohun gbogbo wà ní ipò kan náà. Òǹwòran tó bá ti gbà pé ìyá náà ń mí, ó ti gbà pé ọmọ náà lè sáré.

2.3 Oríṣi ìfanimọ́ra méjì

Ìfanimọ́ra ni agbára tí iṣẹ́ ọnà fi ń mú ọkàn ẹni tó ń wò ó tàbí tó ń gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ ọnà kan bá fẹ́ mú ọkàn ọmọdé àti àgbà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà méjì ló wà.

Èkíní ni ìfanimọ́ra aláwẹ́-méjì. Òǹṣe á pèsè ohun kan fún ọmọdé, á sì pèsè òmíràn fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí obì aláwẹ́ méjì tí kálukú mú tirẹ̀. Fíìmù Shrek, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Ìṣubú àti ariwo inú rẹ̀ ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé àgbà nìkan ló lè yé.

Èkejì ni ìfanimọ́ra olórísun-kan. Omi kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pọn. Ọmọdé a bu ìwọ̀n tí kèrègbè rẹ̀ gbà, àgbà a bu ìwọ̀n tí ìkòkò rẹ̀ gbà. Ẹ̀yà kejì yìí ni fíìmù Kirikou.

3. Ìtàn Kirikou ní ṣókí

Ní abúlé kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú ìyá rẹ̀, ó bí ara rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Kirikou ni orúkọ náà. Inú ìnira ni ó bá abúlé. Karaba, obìnrin alágbára kan, ti mú kí orísun omi wọn gbẹ, ó ti gba wúrà àwọn obìnrin, àwọn ọkùnrin tó lọ bá a jà kò sì padà. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ó ti jẹ wọ́n.

Ìjókòó Kirikou kò ga ju orúnkún àgbà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìṣòro tí kì í tọ gbòǹgbò rẹ̀. Ó gba arákùnrin ìyá rẹ̀ là lábẹ́ fìlà, ó yọ àwọn ọmọdé nínú pańpẹ́ Karaba, ó sì wọ inú ihò orísun lọ, níbi tí ó ti rí i pé ẹranko kan ló ń mu gbogbo omi náà. Nígbà tó yá, ó gbẹ́ ọ̀nà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀, ọlọ́gbọ́n orí òkè, kí ó lè mọ ìdí tí Karaba fi rí bí ó ti rí. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé àwọn ọkùnrin kan ti fi ẹ̀gún olóró gún Karaba ní ọ̀pá ẹ̀yìn, pé ẹ̀gún náà ni orísun agbára rẹ̀, òun náà sì ni orísun ìrora rẹ̀ tọ̀sán tòru. Kirikou fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ. Karaba bọ́ lọ́wọ́ ìrora, àwọn ọkùnrin tí ó ti sọ di ère padà di ènìyàn, Kirikou náà sì di géńdé.

4. Bí ìfanimọ́ra olórísun-kan ṣe ń ṣiṣẹ́

4.1 Ìbí àti ìsọmọlórúkọ

Ẹ̀rín ni ìbí Kirikou jẹ́ fún ọmọdé. Ọmọdé ni wọ́n ń wẹ̀, ọmọdé ni wọ́n ń gbé, òun ni wọ́n ń sọ fún pé kò tíì tó nǹkan í ṣe. Ó wá rí ọmọ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni, inú rẹ̀ dùn.

Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ohun mìíràn nínú ìran kan náà: kò yà ìyá Kirikou lẹ́nu. Ó ní kí ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ nínú bí ara rẹ̀. Nígbà tí ó sì fẹ́ wẹ̀, ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi omi ṣòfò. Inú ilé tí kò sí ọkọ, tí kò sí àbúrò, tí omi ti di ọ̀wọ́n, ni ọmọ náà bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní láti yá dá nǹkan ṣe. Fún òǹwòran Yorùbá, ìsọmọlórúkọ náà tún wúwo sí i. Bí orúkọ bá tilẹ̀ jẹ́ àmútọ̀runwá, àgbà ló ń pè é mọ́ ọmọ lórí. Ọmọ tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́ àmì pé àwọn tó yẹ kí ó sọ ọ́ kò sí nílé mọ́.

4.2 Ìbéèrè tí kò tán lẹ́nu ọmọ

Láti ìgbà tí ó ti gbọ́ orúkọ Karaba ni Kirikou ti ń béèrè ohun tó mú un rí bí ó ti rí. Àgbà abúlé kò ka ìbéèrè náà sí. Lójú wọn, bí Karaba ṣe rí nìyẹn.

Ọmọdé tó ń wòran mọ ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí pé irú rẹ̀ ni òun náà ń bi àwọn òbí rẹ̀ láràárọ̀. Bí àlọ́ àpamọ̀ ni ó rí fún un: wọ́n ti pa á, ó sì fẹ́ jà á. Àgbà ní tirẹ̀ ń rí bí gbogbo ìlú ṣe lè gba àgbọ́sọ gbọ́. Kò sí ẹni tó rí Karaba níbi tí ó ti ń jẹ ènìyàn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ṣiyè méjì. Nígbà tí òtítọ́ jáde, àwọn ọkùnrin náà kò kú. Ìtìjú àwọn àgbà abúlé di ìtìjú àgbà tó wà níwájú amóhùnmáwòrán.

4.3 Lórí itan bàbá àgbà

Kirikou bẹ bàbá àgbà rẹ̀ pé kí ó fún òun ní ìfúnpá tí yóò dáàbò bo òun. Bàbá àgbà kò fún un. Ó jẹ́ kí ó yé e pé àìní ìfúnpá gan-an ni agbára rẹ̀, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí ó máa ronú, kí ó sì máa ṣọ́ra. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà sọ pé ó ti rẹ òun láti máa dá jà nígbà gbogbo ní kékeré òun, ó sì gun itan bàbá àgbà lọ sinmi.

Ìsinmi tí ọmọdé tó ń wòran náà ti ń fẹ́ nìyí, torí ẹ̀rù ti ń bà á fún akọni rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àgbà a máa dákẹ́ ní ibí yìí ju ibòmíràn lọ. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ti rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí itan ẹnikẹ́ni tí wọ́n lè gùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Kirikou sọ. Kò sí ẹ̀fẹ̀ àgbà tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọmọdé.

4.4 Ẹ̀gún

Kò sí ọmọ tí ẹ̀gún kò gún rí. Ọmọdé mọ̀ pé yíyọ rẹ̀ a máa dunni bí ìgbà tí ó wọlé. Nítorí náà, kò ṣòro fún un láti lóye ìdí tí Karaba kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà sì ti ka ẹ̀gún náà, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ipá gún mọ́ obìnrin kan ṣoṣo lára, sí àmì ìfipábánilòpọ̀. Fíìmù náà kò dárúkọ ìwà ọ̀daràn yìí, síbẹ̀ kò pa irọ́ fún ọmọdé. Ohun tí ó sọ fún un jẹ́ òótọ́ pátápátá: wọ́n ṣe obìnrin yìí léṣe, ìrora náà kò lọ, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ni àwọn ẹlòmíràn lára. Bí ọmọ náà bá dàgbà, kò sí ohun kan tí yóò ní láti gbàgbé nínú ohun tí ó ti mọ̀. Kìkì àfikún ni yóò bá a. Àmì tí wọ́n fi ń dá ìfanimọ́ra olórísun-kan mọ̀ nìyí.

5. Ohun tí ògbufọ̀ Yorùbá lè bà jẹ́

5.1 Ṣé àjẹ́ ni Karaba?

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ láti fi wá ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pe Karaba yóò bá àjẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlò àjẹ́ yóò ba ìtàn náà jẹ́. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, àjẹ́ lè jẹ́ àbímọ́ni, ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n fún ènìyàn jẹ. Ó ní ẹgbẹ́, ó ní ẹyẹ, ó ní òru. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn lára Karaba. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ti dáhùn ìbéèrè Kirikou kí ó tó bi í. Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí àjẹ́ fi ń ṣe ibi, ìdáhùn tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé àjẹ́ ni, kí ló tún kù? Àlọ́ ti já kí wọ́n tó pa á tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fíìmù nìkan. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan obìnrin arúgbó, tí ìyà sì ń jẹ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, fíìmù tó ń kọ́ ọmọdé láti béèrè ìdí ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ di èyí tó ń kọ́ ọ pé kí ó má béèrè mọ́.

Olóògùn ni ó yẹ Karaba jù. Ohun tí ènìyàn ní, tí ó sì lè pàdánù, ni oògùn. Bí ẹ̀gún bá kúrò lára Karaba, agbára rẹ̀ lọ. Bí oògùn bá bọ́ lọ́wọ́ olóògùn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dájọ́ rere tàbí búburú fún ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

5.2 Burú, ṣìkà, rorò

Ìbéèrè Kirikou fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó gba ìṣọ́ra. Burú gbòòrò jù, nítorí pé oúnjẹ, ọ̀nà àti ojú ọjọ́ pàápàá lè burú. Ṣìkà gba ìpinnu ọkàn. Ènìyàn kì í sọ pé ajá ṣìkà, ó sì ṣòro láti wá ìdí fún ìkà ju ọkàn ìkà lọ. Rorò yàtọ̀. Ajá lè rorò, ọ̀gá lè rorò, wọ́n sì lè béèrè ohun tó mú un rorò láìṣe pé wọ́n ń dá a láre. Kí ló dé tí Karaba fi rorò? Gbólóhùn yìí fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn, ìdáhùn náà sì rọrùn láti rántí: ìrora ni. Kò sí ẹ̀rí pé ìpìlẹ̀ kan náà ni rorò àti ìrora ní, nítorí pé inú ro àti ara ni ìrora ti jáde. Àmọ́ ìró wọn jọra, ìjọra ìró sì jẹ́ ohun tí etí ọmọdé àti ti àgbà jọ ń gbádùn.

5.3 Ère, kì í ṣe òrìṣà

Ọ̀rọ̀ tí fíìmù náà fi pe àwọn ìránṣẹ́ Karaba wọ èdè Faransé láti inú èdè Potogí, àwọn òyìnbó sì ti fi pe ohun ìsìn Áfíríkà tipẹ́tipẹ́. Bí ògbufọ̀ bá pè wọ́n ní òrìṣà, ó ti bú ẹ̀sìn tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ti parọ́ nípa ìtàn náà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bọ wọ́n. Ère ìránṣẹ́ ni wọ́n. Ère náà sì ni ó jẹ́ kí ìparí ìtàn dùn: ohun tí ẹnikẹ́ni rò pé igi gbígbẹ́ ni, ènìyàn ni.

5.4 Ìgbohùnwọ̀ àti ọ̀wọ̀

Ìgbohùnwọ̀ ni iṣẹ́ fífi ohùn ènìyàn wọ àwòrán. Dakar, ní Senegal, ni wọ́n ti gba ohùn fíìmù yìí sílẹ̀, lẹ́nu àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọ̀nà kan náà ni ó yẹ kí ìgbohùnwọ̀ Yorùbá tọ̀: kí ọmọdé sọ ti ọmọdé, kí àgbà sọ ti àgbà.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti Yorùbá, òun sì ni arọ́pò-orúkọ. Bí Kirikou bá sọ o fún Karaba, ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jẹ́ lójú àgbà, àánú rẹ̀ kò sì ní ṣe wọ́n mọ́. Ẹ ni ó yẹ kí ó máa lò fún ìyá rẹ̀, fún bàbá àgbà, àti fún Karaba pàápàá. Ọ̀wọ̀ tó fi fún ọ̀tá rẹ̀ yóò bá ìbéèrè rẹ̀ mu, nítorí pé ẹni tí kò tíì dájọ́ fún ènìyàn ni ó lè bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí ó bá di géńdé ní ìparí, ògbufọ̀ lè jẹ́ kí ẹ di o. Àyípadà kan ṣoṣo yìí yóò sọ ohun tí gbólóhùn gígùn kò lè sọ tán.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn èdè-ìperí tí iṣẹ́ yìí dábàá nìwọ̀nyí:

Fíìmù àwòrán-abẹ̀mí: fíìmù tí wọ́n fi àwòrán yíyà tàbí ohun aláìlẹ́mìí ṣe, tí ó ń mira lójú òǹwòran.
Ẹyọ àwòrán: ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán tí ìtẹ̀léra wọn ń di ìmira.
Ìtàn-àràmàǹdà: ìtàn àròsọ tí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ lójú ayé jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.
Ìfanimọ́ra aláwẹ́-méjì: èyí tí ohun tó fa ọmọdé yàtọ̀ sí ohun tó fa àgbà.
Ìfanimọ́ra olórísun-kan: èyí tí ohun kan náà fa ọmọdé àti àgbà, tí òye wọn nìkan yàtọ̀ ní jíjìn.
Ìgbohùnwọ̀: fífi ohùn wọ àwòrán, yálà ní èdè ìpìlẹ̀ tàbí ní èdè mìíràn.

Àsìkò tó fún irú èdè-ìperí báyìí. Ní 2024, Ìwájú, eré àwòrán-abẹ̀mí alápá púpọ̀ tó dá lórí Èkó ọjọ́ iwájú, jáde fún gbogbo ayé. Orúkọ Yorùbá ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tí yóò ṣe irú rẹ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé, àti àwọn tí yóò túmọ̀ ti òkèèrè sí i, nílò ju ẹ̀rọ àti owó lọ. Wọ́n nílò ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi máa bá ara wọn jíròrò nídìí iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọdé, kí wọ́n sì mọ̀ pé àgbà wà níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Fíìmù tó bá fẹ́ fa àwọn méjèèjì mọ́ra gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn méjèèjì ló gbọ́n.